Bí A Ṣe Ń Ṣe Àbẹ̀wò sí Fushimi Inari, Ojúbọ Ọlọ́pọ̀ Ère Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní Kyoto

Ojúbọ pọ̀ lọ súà ní ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Japan, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára èyí tí àlejò ń wọ́ lọ jù ni Fushimi Inari Taisha, tí ó wà ní ìhà gúúsù ìlú náà, ní ẹsẹ̀ òkè Inari. Àwòrán rẹ̀ tí ó ti kárí ayé ni ti ọ̀nà tóóró kan tí àwọn òpó pupa rúsúrúsú tò sí lọ́tùn-ún lósì, títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀ mọ́. Àwòrán yìí gan-an ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọn á dé ibẹ̀, wọn á ya fọ́tò láàárín àwọn òpó, wọn á sì ṣẹ́rí padà kí wákàtí kan tó pé, láìmọ̀ pé gbogbo òkè náà, tí ó ga tó mítà 233, ni ojúbọ, àti pé ẹnu ọ̀nà lásán ni wọ́n dé. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ẹ ṣe lè gun òkè náà yí po, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò, kí ẹ má sì ṣe ohun tí yóò bí àwọn onílé nínú.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ni ilé kí á tó wọlé. Inari ni òrìṣà ìrẹsì nínú Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Japan, òun ni wọ́n ń ké pè fún irè oko, fún ọtí ìrẹsì tí ó dára, àti, láti ìgbà tí òwò ti gbilẹ̀ ní ìlú wọn, fún èrè ọjà. Ọdún 711 ni wọ́n kà sí ọdún tí ìsìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí òkè yìí, ìdílé ọlọ́lá kan tí à ń pè ní Hata ni wọ́n sì fi ìdásílẹ̀ rẹ̀ sí lọ́wọ́. Ìtàn àtijọ́ sọ pé Hata no Irogu, ẹni tí ìrẹsì rẹ̀ pọ̀ débi pé kò ka oúnjẹ sí mọ́, fi ìrẹsì gígún ṣe ohun tí ó ń ta ọfà sí. Ìrẹsì náà di ẹyẹ funfun, ó fò lọ bà sí ṣóńṣó orí òkè, ibi tí ó bà sí sì ni ìrẹsì ti hù. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kankan nínú ìtàn yìí. Ìrẹsì ni ìpìlẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni ó wá bá a. Lónìí, ojúbọ Inari tí ó wà káàkiri Japan tó nǹkan bí 30,000, Fushimi yìí sì ni olórí gbogbo wọn.

Níbi ọ̀pọ̀ ojúbọ Shinto mìíràn, ère tí ó jọ kìnnìún méjì ni ó máa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Níbi ti Inari, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ méjì ni. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn àlejò ni pé wọ́n rò pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni òrìṣà tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìránṣẹ́ òrìṣà ni wọ́n, funfun ni wọ́n kà wọ́n sí, ojú ènìyàn kò sì lè rí wọn. Ère wọn nìkan ni à ń rí. Ẹni tí ó bá jẹ́ oníṣẹ̀ṣe láàárín wa kì yóò ṣòro fún láti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí à ń bọ àti ẹni tí ó ń jíṣẹ́ fún un. Nípa ìdí tí ó fi jẹ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹranko yìí máa ń sún mọ́ oko ìrẹsì, ó ń pa àwọn eku tí ń ba irè jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti ìrẹsì tí ó ti gbó. Ẹ̀sìn Búdà náà lọ́wọ́ sí i, nítorí pé wọ́n so Inari pọ̀ mọ́ Dakiniten, ẹni ẹ̀mí kan tí ó ń gun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun.

Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹnu ère kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni kí ẹ máa wò. Kò sí ohun tí ó ń la àlejò lójú ní Fushimi tó o. Ẹ óò rí èyí tí ó gbé kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu. Kọ́kọ́rọ́ àká ìrẹsì ni. Ẹ óò rí èyí tí ó gbé ìtí ìrẹsì, èyí tí ó gbé ìwé kíká, àti èyí tí ó gbé òkúta iyebíye roboto, tí wọ́n gbà pé agbára òrìṣà náà wà nínú rẹ̀. Àwọn méjì tí ó wà níwájú ẹnu ọ̀nà ńlá ni ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀kan gbé kọ́kọ́rọ́, èkejì gbé òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní aṣọ pupa kékeré lọ́rùn. Àwọn tí ó wá bẹ̀bẹ̀ tàbí tí ó wá dúpẹ́ ni ó ń so ó mọ́ wọn. Ẹ má ṣe tú u, ẹ má ṣe gun ère, ẹ má sì ṣe gbé ọmọ lé wọn lẹ́yìn nítorí fọ́tò.

Ìbéèrè tí ó máa ń jáde lẹ́nu ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí ni bóyá wíwọ ibẹ̀ ti di òrìṣà bíbọ. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè ẹ̀sìn yín lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí yóò fipá mú yín tẹrí ba. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbàdúrà lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó dákẹ́, kí ó jẹ́ kí àwọn tí ó wá jọ́sìn ráyè ṣe tiwọn. Ohun tí kò dára, lójú tèmi, ni kí ènìyàn máa fi ìsìn onísìn ṣe eré, kí ó máa tẹrí ba kí ó máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín nítorí fídíò. Ó sàn kí ó máà ṣe é rárá.

Bí ẹ ó ṣe débẹ̀

Ẹni tí ó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Japan kí ó tó gbéra nílé. Láti ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ti Kyoto, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin JR tí ó ń gba ọ̀nà ìlú Nara; ibùdó kejì tí yóò ti dúró ni Inari, ìrìn náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí díẹ̀ lé lọ, owó rẹ̀ kò sì tó 200 yen. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ọkọ̀ tí ó ń dúró níbi gbogbo ni kí ẹ wọ̀, nítorí pé èyí tí ó ń sáré lọ sí Nara kì í dúró ní Inari, yóò gbé yín kọjá. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹnu ọ̀nà ojúbọ náà wà ní iwájú ibùdókọ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti agbègbè Gion lè wọ ọkọ̀ ojú irin Keihan, kí ó sọ̀ ní ibùdó Fushimi-Inari, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Ẹ má ṣe gbé mọ́tò lọ; òpópónà ibẹ̀ há, èrò sì pọ̀.

Wọn kì í gba owó ìwọlé, wọn kì í sì í ti ibẹ̀ pa tọ̀sán-tòru. Nítorí náà, àkókò tí ẹ ó lọ wà lọ́wọ́ yín, ọwọ́ yín náà sì ni bí àbẹ̀wò náà yóò ṣe rí wà. Láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, èrò máa ń kún ìsàlẹ̀ òkè débi pé ẹsẹ̀ kò gbèrò. Bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà tàbí méje àárọ̀, ẹ óò bá àwọn ará àdúgbò tí ó wá kí òrìṣà kí wọ́n tó lọ sí ibi iṣẹ́, ẹ óò sì lè rìn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tì yín. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún ni kí ẹ sá fún, àyàfi bí ó bá jẹ́ èrò gan-an ni ẹ fẹ́ wò, nítorí pé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ ni wọ́n ń kà níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ gbóná gan-an ní Kyoto, ooru ibẹ̀ sì lọ́rinrin; àtẹ̀gùn òkè kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gùn ní ọ̀sán nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọdún wọn ni ẹ fẹ́ bá, Hatsuuma máa ń bọ́ sí oṣù kejì, ní ọjọ́ tí wọ́n gbà pé òrìṣà náà sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè, wọ́n sì máa ń fún àwọn olùjọ́sìn ní ẹ̀ka igi kédárì kékeré tí ó jẹ́ àmì ìbùkún. Ní oṣù keje, alẹ́ àìsùn ọdún Motomiya ni wọ́n máa ń tan àtùpà tí kò níye káàkiri ojúbọ náà.

Láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú ilé ńlá

Torii ni orúkọ àwọn ẹnu ọ̀nà onígi méjì tí wọ́n fi igi dábùú lé lórí. Òun ni ààlà láàárín ilé ayé àti ilẹ̀ òrìṣà. Bí ẹ bá dé ti àkọ́kọ́, ẹ tẹrí ba díẹ̀ kí ẹ tó kọjá, kí ẹ sì máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nítorí pé àárín ọ̀nà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òrìṣà. Níwájú ni ẹ óò ti rí ẹnu ọ̀nà ńlá alájà méjì tí Toyotomi Hideyoshi, alágbára tí ó so ilẹ̀ Japan pọ̀ sábẹ́ àṣẹ kan, kọ́ ní 1589. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ni ó fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ níbẹ̀. Ilé ńlá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ jóná nínú ogun Ōnin ní 1468, wọ́n sì tún un kọ́ tán ní 1499.

Kí ẹ tó dé iwájú ilé ńlá, ẹ yà síbi omi. Bí ife onígi ọlọ́wọ́ gígùn bá wà níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún bu omi kí ẹ dà á sí ọwọ́ òsì, ẹ pààrọ̀ ọwọ́ kí ẹ dà á sí ọ̀tún, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì kí ẹ fi yọ ẹnu, ẹ má gbé ife kan ẹnu, ẹ má sì tu omi náà padà sínú àgbá. Lẹ́yìn náà, ẹ na ife náà ró kí omi tí ó kù fọ ọwọ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí omi bá ń ṣàn láti inú ọparun, kò sí ife, ẹ ṣáà fọ ọwọ́ yín.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà yóò ju owó ẹyọ sínú àpótí, yóò mi okùn agogo bí ó bá wà, yóò tẹrí ba dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nínú ọkàn, yóò sì tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn kì í ké. Ẹ má ṣe ya fọ́tò inú ilé ńlá níbi tí àwọn àwòrò ti ń ṣe ìsìn. Mo fẹ́ fi kún un pé àṣà ibì kan kì í ṣe ti ibi gbogbo: ní Toyokawa, ní ìpínlẹ̀ Aichi, ibi mìíràn wà tí ère kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà ni, Dakiniten tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń bọ níbẹ̀, wọn kì í sì í pàtẹ́wọ́ fún un.

Lábẹ́ àwọn torii

Lẹ́yìn ilé ńlá ni àwọn torii ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ara wọn. Ibi tí wọ́n ti ki jù ni wọ́n ń pè ní Senbon Torii, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì tí ó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ tẹ̀lé ọfà tí wọ́n fi ṣe àmì kí ẹ má baà ko èrò tí ń bọ̀ lójú. Lórí òkè náà lápapọ̀, torii tó nǹkan bí 10,000. Ẹ̀jẹ́ tí ẹnì kan san ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti ayé Edo, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1603, ni ó ti di àṣà pé ẹni tí òwò rẹ̀ bá gbérí, tàbí ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó gbérí, yóò san owó kí wọ́n bá a gbé torii kan nàró. Ilé iṣẹ́ ńlá, onílé oúnjẹ àti ìdílé wà lára wọn. Igi ni, ojò sì ń jẹ ẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń yọ èyí tí ó ti jẹrà, wọ́n á gbé tuntun síbẹ̀. Ọ̀dà pupa náà, tí wọ́n ń fi mákíúrì ṣe láyé àtijọ́, wà fún dídáàbò bo igi, wọ́n sì gbà pé àwọ̀ rẹ̀ ń lé ohun búburú.

Bí ẹ bá ń gòkè lọ, ẹ kò ní í rí ohun kan lára àwọn òpó náà. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ àti ọjọ́ tí ó gbé e kalẹ̀ sí, ní lẹ́tà dúdú, èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń rí i kà.

Ní òpin Senbon Torii ni Okusha wà, níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn sí òkè láti ọ̀ọ́kán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta pátákó ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gé bí orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ojú òfìfo ni ó wà níwájú, ẹni tí ó bá rà á yóò fúnra rẹ̀ ya ojú sí i, yóò kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí i, yóò sì so ó kọ́. Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn tí ó wà níbẹ̀, nítorí pé òmíràn ń sunkún, òmíràn ti kun àtíkè, òmíràn sì dà bí ọ̀gá ilé ìwé tí inú ń bí. Lẹ́yìn ilé kékeré náà ni àtùpà olókùúta méjì wà tí òkúta roboto jókòó lé lórí. Ẹ ó ro ohun tí ẹ ń fẹ́, ẹ ó rò ó pẹ̀lú bí òkúta náà yóò ṣe wúwo tó, ẹ ó sì gbé e: bí ó bá fúyẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ohun náà yóò rí bẹ́ẹ̀; bí ó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ku iṣẹ́. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé e.

Ibi tí èrò ti ń padà

Okusha ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń yíjú padà. Ẹ máa bá a lọ. Kò tíì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ẹ óò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín. Ẹ óò dé ibi adágún omi kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ Kumataka, tí iná àbẹ́là kì í kú níwájú rẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ń wá ènìyàn rẹ̀ tí ó sọnù yóò pàtẹ́wọ́ sí ojú omi náà, ibi tí gbohùngbohùn bá ti dáhùn ni kí ó gbà lọ wá a.

Láti ibẹ̀ lọ sókè ni àtẹ̀gùn ti ń le. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta láti ìsàlẹ̀, ẹ óò dé oríta mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Yotsutsuji, níbi tí igi ti ṣí sílẹ̀ tí ẹ óò sì rí ìlú Kyoto ní ìsàlẹ̀. Ẹ jókòó níbẹ̀, ẹ mu omi. Kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kò sí ibi tí ojú ti ń rí ọ̀nà jíjìn tó ibẹ̀. Igi ni ó bo ṣóńṣó òkè, ẹni tí ó bá gun òkè dé òkè nítorí ìlú wíwò yóò já ara rẹ̀ kulẹ̀. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn lè padà níbẹ̀ láìsí àbámọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń bọ Inari gan-an ni kí ó tẹ̀ síwájú, nítorí pé ojú ọ̀nà tí ó yí òkè po láti Yotsutsuji ni ènìyàn ti ń rí i. Láti ìgbà Meiji, ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni àwọn olùjọ́sìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkúta kalẹ̀ lórí òkè, kí wọ́n gbẹ́ orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń fi ké pe òrìṣà náà sí i. Otsuka ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé ní 10,000 lónìí, wọ́n sì wà ní ìtòsí ara wọn, pẹ̀lú torii kéékèèké tí kò ju ọwọ́ lọ àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ olókùúta tí ewéko ti bò. Ẹ óò rí ọtí ìrẹsì, àbẹ́là àti wàrà sóyà díndín tí wọ́n gbé síwájú wọn, nítorí pé oúnjẹ yìí ni wọ́n gbà pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́ràn jù. Ojúbọ ẹlòmíràn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kan ohun tí ó wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì bá ẹnì kan tí ó ń gbàdúrà, ẹ kọjá jẹ́jẹ́ láìya fọ́tò rẹ̀.

Bí ẹ bá gba apá ọ̀tún ní oríta, ẹ óò gba orí òkè kékeré méjì kọjá kí ẹ tó dé Ichinomine, tí ó ga jù. Bí ẹ bá gba apá òsì, ẹ óò kọ́kọ́ kan Ganriki, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ojú tí ó mọ́lẹ̀, níbi tí ère kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ti dorí kodò níbi omi, àti Yakuriki, ti àwọn tí ń wá ìlera. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀gùn tí ó le gan-an yóò kò yín lójú kí ẹ tó dé òkè. Apá ọ̀tún ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti gbà, kí wọ́n fi àtẹ̀gùn líle yẹn sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìrìn náà, láti ìsàlẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀, jẹ́ nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin, ó sì ń gba wákàtí méjì sí mẹ́ta fún ẹni tí kò kánjú. Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ mú omi dání láti ìsàlẹ̀, nítorí pé bí ẹ ṣe ń gòkè ni owó ohun mímu ń gòkè. Ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí kò pọ̀. Inú àpò yín ni ọ̀rá àti ìgò yín yóò wà títí ẹ óò fi padà sílé.

Ní ti òru, ó ṣeé ṣe láti gòkè, àtùpà sì wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, àwọn ilé ìtajà á ti tì, ìmàdò sì máa ń jáde nínú igbó náà. Lójú mi, kí ẹ parí ìrìn alẹ́ sí Okusha.

Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì ojúbọ bí ẹ bá fẹ́ ra ońdè aláṣọ tàbí kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ojúbọ náà sínú ìwé fún yín; ojúmọmọ nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Ọ̀nà tí ó lọ sí ibùdó Keihan ni oúnjẹ wà. Ẹ wá inari-zushi, ìrẹsì tí wọ́n dì sínú wàrà sóyà díndín tí ó ní adùn díẹ̀, àti bisikíìtì tí wọ́n ṣe bí ojú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ẹyẹ ológoṣẹ́ yíyan tún wà, nítorí pé ológoṣẹ́ ń jẹ ìrẹsì. Egungun rẹ̀ pọ̀ ju ẹran lọ. Ẹ dúró síwájú ilé ìtajà kí ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ sì dá igi àti ọ̀rá rẹ̀ padà fún ẹni tí ó tà á, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ènìyàn máa jẹun rìn láàárín èrò. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Nara láti ibẹ̀ kò nílò láti padà sí Kyoto: ọkọ̀ ojú irin JR kan náà ni kí ó wọ̀ ní ibùdó Inari, ní apá kejì ojú irin.